Gílóòbù Méjìlá ní Àlékúwodò

Gílóòbù méjìlá ni Bàbá Yẹkíìnì fẹ́ sí àjà pálọ̀,
ó ní súìṣì kan ṣoṣo kọ́ ni yóò máa pàṣẹ fún wọn.
"Owó tí mo san sínú mítà lọ́jọ́ Ajé,
kì í fojú kan Ọjọ́bọ̀."
Ìyá Sìfáwù yọjú láti kíṣìnì:
kí ni ìwúlò àjà tí a kùn ní funfun
bí àlejò bá wọlé tí ìdajì rẹ̀ ṣókùnkùn?

N ò dá sí i. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sórí sìmẹ́ńtì:
mẹ́rin lókè àga,
mẹ́fà yí etí àjà po,
méjì péré lókè tábìlì ìjẹun.
Súìṣì mẹ́ta nínú àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Múfútáù ló gun inú àjà lọ, òun ló tín-ín-rín.
Oṣù Ẹrẹ̀nà, páànù ń jó bí agbada gaàrí.
Mo ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lókè bí mo ṣe ń ti wáyà sí i.
"Ọ̀gá, èwo nìyí?"
"Ka kókó tí mo ta sí i. Ẹyọ kan, àga.
Méjì, etí àjà. Mẹ́ta, tábìlì."
"Ọ̀gá, òkùnkùn wà níbí. Ìka ni mo fi ń kà á."

Bàbá gbé àpótí ìjókòó tì mí, ó ní kí n ṣàlàyé.
Mo ní, Bàbá, ẹ wo dúdú yìí,
tààrà ló ń lọ bá gbogbo gílóòbù, kì í yà sọ́dọ̀ ẹnì kan.
Pupa nìkan la mú sọ̀kalẹ̀ wá kí súìṣì.
Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, afárá so, iná gòkè;
ẹ tẹ̀ ẹ́ padà, afárá já.
Àwọn tó bá jẹ́ agbo kan, orí pupa kan náà ni wọ́n ti ń jẹ,
ṣùgbọ́n a kì í sín wọn tẹ̀léra bí ìlẹ̀kẹ̀,
kí ọ̀kan má baà kú kó kó àwọn yòókù lọ.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé iṣẹ́ mi lo ń kọ́ mi?"
Ọdún mọ́kànlélógún ló fi fa ọ̀pá irin ní ibùdó rélùwéè:
bó bá fà á sọ́tùn-ún, ọkọ̀ a kọrí sí Ọ̀fà;
bó bá fà á sósì, a yà síbi tí wọ́n ti ń já ẹrù kòkó.
"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ṣì í fà."
Kò parí ọ̀rọ̀ náà.
Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, èmi ń wo sukudiráfà.

Ìrọ̀lẹ́, a tan án wò.
Mo tẹ ti àga, tábìlì ló dáhùn.
Mo tẹ ti tábìlì, àga ló là yòò.
Kókó ti tú níbi tí wáyà ti ń gba ihò kọjá;
ojú Múfútáù kún fún omi.
Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ìdí súìṣì la ó ti pààrọ̀ wọn.
Mo lọ pa iná nídìí mítà. Kí n tó padà dé,
wọ́n ti gbé iná gbogbo àdúgbò lọ.
Tọ́ọ̀ṣì Ìyá Sìfáwù ni mo fi parí rẹ̀,
mo tún ṣí mítà sílẹ̀, mo gun ọ̀kadà lọ sí Òkè-Baálẹ̀,
a ò rí i dán wò.

Aago méjì òru, fóònù dún.
"Iná dé! Méjèèjìlá ló tàn lẹ́ẹ̀kan,
a ṣe bí ilé ń jó ni!"
Kò sẹ́ni tó rántí pa súìṣì.
Mo ní kó tẹ àkọ́kọ́. Mo gbọ́ kẹ́.
"Ti àga ti kú. Ó tọ́."
Mo gbọ́ kẹ́ mìíràn. "Ti tábìlì náà ti lọ."
Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn obìnrin:
"Fi ìyẹn sílẹ̀. Jẹ́ kí n wo àjà mi ná."
Mo gbé fóònù sétí títí,
n ò gbọ́ kẹ́ kẹta.