Ọ̀rọ̀ Tó Dé Lẹ́ẹ̀mejì

Níbi tí màmá mi ti ń da àgbọ̀nrín,
òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan kò sí.
Òkè ni, yìnyín ni,
afẹ́fẹ́ tí kì í kàgò kó tó wọlé.
Nítorí náà Heaika, àbúrò mi,
kan àpótí kékeré mọ́ ògiri ilé ìtajà tó kẹ́yìn lójú ọ̀nà,
ó ki òmíràn sí àpò ẹnikẹ́ni tó bá gbà:
"Ìwọ ṣáà máa rìn. Ọ̀rọ̀ á gùn ọ́ lẹ́yìn."

Àpótí náà kò mọ ọ̀nà.
Ohun tó mọ̀ ni ẹni tó pàdé ẹni.
Bí Issát bá kọjá, ó fi kún iye rẹ̀;
bí Issát kò bá kọjá, iye yẹn á máa fà
bí epo nínú fìtílà tí ẹnikẹ́ni kò bojú wò.
Bí Sunná bá sì ń rí Áilu,
tí Áilu ń rí màmá mi,
àpótí á bu díẹ̀ nínú ìrètí Áilu fún Sunná.
Ìṣirò lásán ni.
Àmọ́ mo mọ àwọn ènìyàn tí làákàyè wọn kò tó bẹ́ẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin, mo bímọ.
Àtàǹpàkò kan ṣoṣo ni mo fi tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ kejì gbé ọmọ:
Obìnrin ni. Irun orí rẹ̀ pọ̀. Kí ni a ó máa pè é?
Àpótí wo ìṣirò rẹ̀, ó fà á lé Issát lọ́wọ́,
Issát tó ń gun ọ̀kadà orí yìnyín lọ sókè ní gbogbo Ọjọ́bọ̀
láti ọdún mọ́kànlá, tí kò yẹ̀ rí.

Ọjọ́bọ̀ yẹn ló yẹ̀.
Òkúta abẹ́ yìnyín gbá a, ẹsẹ̀ ṣẹ́;
wọ́n gbé e lọ, ẹ̀wù rẹ̀ ṣẹ́kù lórí ìṣó nínú ahéré,
ọ̀rọ̀ mi nínú àpò ẹ̀wù, bátìrì ń kú lọ.

Wọ́n ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.
Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó ti akólòlò
ni kí ẹ bi bí ọjọ́ ṣe ń gùn.

Ní ilé ìtajà, iye Issát ń wálẹ̀.
Àpótí ṣe ohun tí èmi kò lè ṣe:
ó jáwọ́ nínú ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé, láì bínú sí i.
Ó wo Sunná, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún,
tó ń kiri kọfí àti ìṣáná fún àwọn darandaran
nígbà tó bá wù ú,
tó jẹ gbèsè káàkiri,
ó fún un ní ẹ̀dà kan.
Sunná kò tilẹ̀ mọ̀.
Ó pàdé Áilu létí odò tó ti ń yọ́;
wọ́n jà lórí owó kọfí fún bí ogún ìṣẹ́jú,
àpò sì ń bá àpò sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kẹrìnlá, èsì dé:
Bigga. Orúkọ ìyá mi. Ẹ bò ó létí.

Oṣù kẹsàn-án ni Issát tó fi ọ̀pá rìn lọ mú ẹ̀wù rẹ̀.
Ó fi bátìrì tuntun sí i, ó gòkè.
A rán an níṣẹ́ ẹrú, ó fi tọmọ jẹ́ ẹ.
Mo jókòó ti màmá mi nígbà tí fóònù rẹ̀ tàn:
Obìnrin ni. Irun orí rẹ̀ pọ̀.
Bigga, eyín méjì lẹ́nu, ń fa okùn ajá níwájú wa.
Màmá mi kà á, ó bọ́ ìbọ̀wọ́,
ó sunkún bí ẹni tí kò gbọ́ rí,
ó sì fèsì, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn.

Fóònù tèmi wà nílùú, lórí tábìlì.
Èsì náà ò tíì dé.