Ojú Ló Há

Orí òkè nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń dé létí òkun Labrador.
Eldon gbé ọkọ̀ síbẹ̀, kò pa ẹ́ńjìnnì;
yìnyín ń ha gíláàsì bí èékánná.

"Ṣé oorun ń kùn yín?"
"Mo ń dùbúlẹ̀ ṣá."
Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀.

Eldon fẹ́ sọ ti ọkọ̀ ìpẹja tó tà,
ti àyà tó ń já láìsí ẹni tó ń lé e,
ni àwòrán bá dúró gbọin:
ẹnu dókítà là sílẹ̀, kò ṣẹ́jú.

Ìgbà yẹn ni ahọ́n rẹ̀ tó tú.
Ó ròyìn fún àwòrán
ohun tí Marjorie ò gbọ́ rí lórí ibùsùn.

Àwòrán mira.
"Mo ń gbọ́ yín bọ̀.
Ojú ló há, etí ò há."