Lẹ́tà Méjì

Lẹ́tà méjì ló sùn lábẹ́ ìrọ̀rí mi lóṣù Òkúdu,
òjò ń lu páànù wa ní Kábbà bí ẹni tí a jẹ lówó.
Ọ̀kan ti Àbújá wá. Bébà rẹ̀ le, ó ń dán.
Báǹkì ni; wọ́n kọ iye owó oṣù síbẹ̀,
wọ́n kọ owó ọkọ̀, wọn kò gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán.
Èkejì kì í ṣe lẹ́tà gan-an,
inú fóònù ló wà, Jọláadé fi ránṣẹ́ láago mọ́kànlá òru:
"Àwa mẹ́ta ni. Yàrá kan la ní, lókè ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì.
Owó ò tíì sí. Iṣẹ́ wà. Ṣé wàá wá?"

Bàbá mi ka ti Àbújá lẹ́ẹ̀mẹta,
ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún kà á.
"Àbúrò mi ló sáré èyí," ló wí.
"A kì í gbéni gorí ẹṣin tán
kéèyàn ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lòun fẹ́."
N kò fèsì. Òjò ń bá a sọ̀rọ̀ dípò mi.

Mo lọ wo yàrá náà lọ́jọ́ Sátidé.
Tábìlì kan, búlọ́ọ̀kù ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kẹrin.
Jẹnẹrétọ̀ ń húkọ́ bíi bàbá àgbà nígbà ọyẹ́.
Fíríìjì àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí kò sí omi nínú rẹ̀,
àfi àpótí kékeré kan, kò ju páálí ìṣáná méjì lọ,
síìmù wà nínú rẹ̀, òtútù ló ń wọ̀n.
Bí iná bá lọ, bí òtútù bá ń sá,
á kígbe sí fóònù nọ́ọ̀sì pé abẹ́rẹ́ àjẹsára fẹ́ bàjẹ́.
Ìyẹn ni gbogbo ilé-iṣẹ́ náà.
Kò sí orúkọ wọn lẹ́nu ọ̀nà;
ìkéde ẹni tó ń ta òròmọdìẹ ló wà níbẹ̀.

Mo bi Jọláadé: ibùdó ìlera mélòó ló ń lò ó?
"Mẹ́rin. Ọ̀kan ti dá a padà, wọ́n ní ariwo rẹ̀ pọ̀."
Ta ni yóò kọ́ mi níṣẹ́?
"Gbogbo wa. A ó sì máa kọ́ ọ láṣìṣe wa."
Bí owó ò bá dé títí Ọ̀wàrà ńkọ́?
Ó rẹ́rìn-ín. "A ó ti ilẹ̀kùn."
Kò purọ́ fún mi. Mo fi ìyẹn sápò, mo sọ̀kalẹ̀.

Bùnú ni ìyá ìyá mi ń gbé, níwájú ibi tí ọ̀dà parí sí,
òfì rẹ̀ ṣì nàró lẹ́bàá ògiri.
Ọdún tí mo pé mẹ́sàn-án,
wọ́n gún Ìbítóyè, ọmọ ilé kejì, lábẹ́rẹ́ èéyí.
Mo rí i, ó sunkún, wọ́n fún un ní bísíkíìtì.
Èéyí ṣì mú un. Èéyí ṣì gbé e lọ.
Wọ́n ní ọ̀tá ni. Wọ́n ní àkọsílẹ̀ ni.
Kò sẹ́ni tó bi fíríìjì léèrè.

N kò lè sọ pé ìyẹn nìkan ni.
Ẹ̀rù ilé gíláàsì ń bà mí pẹ̀lú,
ibi tí wọ́n á ti ní kí n máa ṣe ẹ̀dà ìwé
fún oṣù mẹ́ta, kí n sì máa rẹ́rìn-ín.

Mo kọ̀wé sí Àbújá: ẹ ṣeun, ẹ má bínú.
Ìyá mi wọn gààrí sínú ike, kò wí nǹkan kan.
Mò ń tún fóònù ṣe nírọ̀lẹ́ ní gáréèjì
kí n lè rówó ọṣẹ.

Ọjọ́ kìíní, mo gun àtẹ̀gùn, wọ́n ní, "Ọ̀kun o."
Mo ní, "Ọ̀kun." Ẹnìkan na wáyà sí mi: "Dì í mú."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni bàbá mi fi yan odì.
Lálẹ́ àná, ó yọ ojú lẹ́yìn ìwé ìròyìn:
"Àpótí yẹn, ṣé ó ti kígbe?"
Mo ní rárá, iná ò tíì lọ láti àárọ̀.
"Máa retí," ló wí. "Kábbà lo wà."