Ìdájí, Ìdajì

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi etí kan gbọ́ orin yìí.
Íápíìsì mi, apá òsì rẹ̀ ti kú
láti ọjọ́ tí mo ti jókòó lé e lórí àga
ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Tákíé, níbi tí mo ti ń ránṣọ.

Àwọn ọmọ mẹ́rin kan ní Arówómọlé ló kọ ọ́.
Ìgbálẹ̀ Irin ni wọ́n ń pe ara wọn, ẹ gbọ́ orúkọ!
Oyèdòkun tí ń ta gìtá, mo rán ṣòkòtò fún un lọ́dún tó kọjá,
kò tíì san owó rẹ̀ tán.
Ó ní, "Ẹ gbọ́ ọ ná, Àǹtí Àjíhún,
ẹ fi í dín gbèsè mi kù."

Mo gbọ́ ọ.
Gìtá bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ páànù,
jáàsì ń dún gbì, gbì, bí ẹrù tó já láti orí lọ́rì.
Kí n tó sọ pé "ariwo kí lèyí?"
orin ti yà bàrá sínú wákà,
ó bá wákà débì kan, ó tú u ká,
ó wá ń rìn jẹ́jẹ́ bí ìsìn ìrọ̀lẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi.
Kí ẹnikẹ́ni tó ṣe àmín, páànù tún ti ya.

N kò mọ orúkọ tí à ń pe irú orin bẹ́ẹ̀.
Aṣọ ni mo mọ̀.
Mo mọ bó ṣe máa ń rí bí èèyàn bá rán léèsì mọ́ àpò ìrẹsì,
tó fi jíǹsì ṣe etí rẹ̀,
tí kò sì fi ojú rírán pamọ́,
tí òwú rọ̀ dirodiro síta, tí kò tijú ẹnì kan.
Bí ọmọ iṣẹ́ mi bá ṣe bẹ́ẹ̀, màá ní kó tú u.
Àwọn wọ̀nyí ṣe é, n kò rí ibi tí màá ti tú u.

Ní àárín rẹ̀, ibì kan wà tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́,
bí ìṣẹ́jú kan. Òfìfo.
Níbẹ̀ ni mo máa ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.
Mo rò pé wọ́n ń mí ni.

Lánàá, Rẹ̀mílẹ́kún yá mi ní tiẹ̀, èyí tó pé.

Áà.

Nínú etí òsì, ìyá arúgbó kan ń gbálẹ̀.
Fàà. Fàà. Fààà.
Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń gbálẹ̀!
Gìtá tí mo pè ní ayùn, ọwọ̀ ló ń dá lóhùn.
Nígbà tí òfìfo mi dé, ìyá náà wúkọ́,
ó fi imú kọ orin kan tí kò délẹ̀,
ó ní, "Ẹ ò tíì jí? Ilẹ̀ ti mọ́ o,"
bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní agboolé wa gan-an.
Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ mi, òwú wà lẹ́nu mi,
n kò ki ìkankan bọ ìkankan.

Ìdájí ni wọ́n pe orin náà.
Ìdajì ni mo ti ń gbọ́.
Ohùn lásán ló ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀.

Síbẹ̀, kí n má purọ́,
láàárọ̀ yìí mo tún yọ ti òsì kúrò létí,
torí òfìfo yẹn ti di tèmi,
mo sì ní òwú láti kì bọ abẹ́rẹ́.

Oyèdòkun, mo ti yọ ìdajì kúrò nínú gbèsè rẹ.
Ìdajì tó kù ńkọ́?