Àwọn Díẹ̀

Ọdún méjìlélógún ni Kúnnúmi ti lò nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú.
Ó tẹ ìwé ìgbéyàwó, ó tẹ ìwé ìsìnkú,
ó tẹ káléńdà ìjọ kan tí oṣù kejì rẹ̀ ní ọgbọ̀n ọjọ́.
A rẹ́rìn-ín títí. Àpò ara rẹ̀ ló ti san owó bébà.
Láti ìgbà náà ni kò ti fojú fo lẹ́tà kankan mọ́.

Ìdí nìyí, nígbà tí wọ́n gbé oògùn náà lé e lọ́wọ́ n'Ídì-Àràbà,
tí ojú abẹ́ èmi àti òun kò tíì san tán,
tó fi jẹ́ òun nìkan ni mo mọ̀ tó ka bébà inú páálí rẹ̀ dópin,
bébà tí wọ́n ká ní ìlọ́po mẹ́jọ,
tí lẹ́tà rẹ̀ wẹ́ bí ẹyin iná orí.
Ó gbé awò tó fi ń wá àṣìṣe lé e.
"Àǹtí, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n fi í sí.
Ohun tí oníbàárà kò bá fẹ́ ká rí, ìsàlẹ̀ náà ló máa ń ní ká gbé e sí."

*A ti gbọ́ ìròyìn jẹjẹrẹ inú kókó ara
lọ́dọ̀ àwọn díẹ̀ tó lo oògùn yìí.*

Mo ní, díẹ̀ ni wọ́n. Díẹ̀ kì í ṣe ìwọ.
Mo bu omi fún un.
Ó gbé e mì.

Bí dókítà ṣe là á yé wa nìyí:
ọdẹ wà nínú ara tí kì í sùn.
Bí àlejò bá wọlé, wọn kì í béèrè ta ló pè é,
lílù ni wọ́n máa ń lù ú pa.
Kíndìnrín mi, àlejò ni lára Kúnnúmi,
bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmú kan náà la jọ mu.
La bá ń bu oorun fún ọdẹ
láago mẹ́jọ àárọ̀, láago mẹ́jọ alẹ́,
ọdún mẹ́fà gbáko.

Kúnnúmi sì tọ̀! Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.
Ẹni tí kò rí ìtọ̀ tọ̀ fún oṣù mọ́kànlá,
ọjọ́ tó kọ́kọ́ dà, nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́,
ìyá wa kúnlẹ̀ ti ike ìtọ̀, ó ń dúpẹ́.

Ọdún keje, mo ń bá a tún kọ́là ṣe,
ìka mi kan nǹkan lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀.
Ó tó ẹ̀pà.
Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó ju kóró àgbálùmọ̀ lọ.
"Kò dùn mí." Àìdùn rẹ̀ gan-an ló bà mí lẹ́rù.
Àti aṣọ oorun rẹ̀, tó ń rin gbindin fún òógùn
nínú ọyẹ́.

Wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀,
wọ́n gbé e sábẹ́ awò tó ju ti Kúnnúmi lọ.
Kì í ṣe olè ló wọlé, ni dókítà wí.
Ọdẹ ni.
Ọdẹ kan tó tojú oorun dìde, tó gbàgbé iṣẹ́ tí a gbà á sí,
tó ń bí ara rẹ̀, tó tún ń bí ara rẹ̀.

"A ó dín oògùn kù,
bóyá àwọn yòókù á jí, kí wọ́n mú ẹgbẹ́ wọn."
Bí wọ́n bá jí, ta ni wọn yóò kọ́kọ́ rí?
Mo fọwọ́ kan ìhà mi níbi tí àpá wà.
N kò lè ní kí wọ́n jí.
N kò lè ní kí wọ́n sùn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà aago lu mẹ́jọ. Oògùn méjì àná ti di ààbọ̀.
Mo lọ bu omi.
Nígbà tí mo fi máa dé, ó ti tẹ́ bébà ìjọ́sí sórí tábìlì,
báírò pupa lọ́wọ́ rẹ̀,
bí ó ti máa ń ṣe sí iṣẹ́ tí kò tíì gorí ẹ̀rọ.
Ó fa ilà sábẹ́ *àwọn díẹ̀*.
Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sétí ìwé,
ó sì fi àmì kékeré kan sí i, àmì tí àwọn atẹ̀wé fi ń sọ pé
ọ̀rọ̀ kan fò níbí,
ẹ dá a padà.