Lẹ́tà Tí Kò Wọ Bàtà

Nígbà tí ìwé ètò ìsìnkú ìyá mi jáde
ní Ìsàlẹ̀-Ìgbẹ̀ìn, ní ilé ìtẹ̀wé tó kọjú sí oníbúrẹ́dì,
orúkọ rẹ̀ kà báyìí:
Mo, àpótí òfìfo. Eb, àpótí òfìfo. Látán.
Ẹni tó ti wà nínú pósí,
orúkọ rẹ̀ tún há sínú pósí kéékèèké.
"Ẹ má bínú," ni ọmọ ìtẹ̀wé wí,
"ẹ̀rọ ò mọ lẹ́tà yẹn ni."
Àwọn ẹbí ní kò burú. Wọ́n wá bírò,
igba ìwé, ọwọ́ mẹ́fà, wọ́n kùn ún títí ilẹ̀ fi mọ́.

Èmi ò gbàgbé.
Níbi tí wọ́n ti ń to lẹ́tà òjé sínú irin
ní Aké, kí bàbá bàbá mi tó hu eyín,
ṣé lẹ́tà ló wá di àlejò lọ́wọ́ wa?

Bàbá mi, Ṣótúndé akunlẹ́tà,
a máa kọ ara mọ́tò ní Láfẹ́nwá,
á fi ìka kékeré ti pátákó kí ọwọ́ má baà gbọ̀n.
Ó ní: wo ikùn lẹ́tà kí o tó wo egungun.
Afẹ́fẹ́ tó wà nínú O,
òun gan-an ni O.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi jókòó ní Ìta-Èkó
níwájú kọ̀ǹpútà tí bátìrì rẹ̀ kì í pé wákàtí kan.
Mo gé ìrù lẹ́tà, mo bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ wọn,
mo ní kí wọ́n dúró lẹ́sẹ̀ lásán;
ẹlẹ́sẹ̀ lásán ló mọ bí àpáta ṣe rí.
Oṣù méjì ni a gbà.
G àti b kò gbọdọ̀ jìnnà síra, ohùn kan ṣoṣo ni wọ́n.
Ẹ́ ńlá ru àmì, ó fi orí gbá ìlà òkè.
Àmì abẹ́ ọ wọ inú rẹ̀ lọ nígbà tí mo mú un sanra.
Mo sún un wálẹ̀ bíńtín. Mo tún sún un.
Iná lọ.
Mo fi pẹ́ńsù sún un
lẹ́yìn ìwé owó iná.

Wọ́n di ọmọ mẹ́sàn-án:
àkọ́bí tín-ín-rín bí òwú abẹ́rẹ́,
àbíkẹ́yìn ki bí apá alágbẹ̀dẹ.
Ẹ̀gbọ́n mi Fọláwẹ̀ ní kí n ti ìlẹ̀kùn,
kí n máa gba owó lẹ́nu ọ̀nà.
Mo ní, ta ni èmi sanwó ọ fún?
Mo gbé wọn síta tegungun-tẹran, tàṣìṣe-tàṣìṣe.
Ẹ mú un. Ẹ tún un ṣe. Ẹ má ṣáà ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn.

Ará Ìbàdàn kan ní àmì ohùn ìsàlẹ̀ gùn jù. Òótọ́ ni.
Ẹnì kan tí n kò rí rí
tún àlàfo àárín K àti o ṣe lóru.
Láti Kétu, lódìkejì ibodè,
olùkọ́ kan, Adéótí, kọ̀wé:
"Lọ́dọ̀ tiwa, ɛ la fi ń kọ ẹ, ɔ la fi ń kọ ọ.
Ṣé àyè ṣẹ́ kù nínú ilé?"
Ìtìjú mú mi.
Èmi tí mo ń sunkún pósí,
mo ti ń kan pósí fún orúkọ ẹlòmíràn.

Oṣù mẹ́ta gbáko. Ẹ̀yìn ń dá ɛ dùbúlẹ̀,
mo ń gbé e dìde.

Lọ́dún yìí, ìrántí ìyá mi,
mo padà sí Ìsàlẹ̀-Ìgbẹ̀ìn.
Ọmọ ìtẹ̀wé ti di ọ̀gá, ó ti hu irùngbọ̀n.
Ó tẹ orúkọ náà, kò tilẹ̀ wo ojú mi:
Moṣebọ́látán.
"Ṣé lẹ́tà yìí tẹ́ yín lọ́rùn?
Ọ̀fẹ́ ni o."
Mo ní mo mọ̀.

K tó ki jù ṣì ń tẹ̀ díẹ̀.
Mà á wò ó lálẹ́, bí iná bá dé.