Ta Ló Ń Lé Ọ?

Aago márùn-ún ààbọ̀, Sátidé. Bwari ṣì ń sùn.
Ọyẹ́ ti da eérú sójú òkè.
Ọkọ̀ mẹ́ta gúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta,
àwa méjìdínlógún bọ́ sílẹ̀:
òṣìṣẹ́ ìjọba, akọ̀wé báńkì, nọ́ọ̀sì kan láti Gwagwalada,
bàtà wa nípọn bí bíríkì,
ọ̀pá onírin lọ́wọ́ wa, tí à ń fà gùn bí eriali rédíò.

Yepwi ló ń ṣíwájú. Sílípáàsì ni tirẹ̀,
okùn rẹ̀ ti já rí, ó fi wáyà so ó.
Kò wẹ̀yìn. Ó ń fi ẹsẹ̀ ka òkúta
bí ẹni ń ka owó tó ti mọ iye rẹ̀ tẹ́lẹ̀.
"Ibi tí mo bá tẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀," ó wí ní Haúsá,
"koríko yìí ń purọ́."

Ìyá mi pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá láti Ìfẹ́wàrà.
Mo ní mò ń lọ gun òkè.
"Kí ló wà lórí ẹ̀?"
Kò sí nǹkan, ìyá mi. Afẹ́fẹ́ ni.
Ó dákẹ́ títí, mo rò pé netíwọ́ọ̀kì ti lọ.
"Èèyàn kì í sáré lásán nínú ẹ̀gún, Ìbídùnní.
Bí o ò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé ọ.
Sọ fún mi. Ta ló ń lé ọ?"

Ní ìdajì òkè, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá.
Ará báńkì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ tó ń ka ìgbésẹ̀,
ó ní a ti pé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin.
Ibẹ̀ ni obìnrin kan ti yọ lókè, ó ń sọ̀ bọ̀,
ìdì igi ìdáná gbọọrọ léjìká rẹ̀,
ó fọwọ́ kan dì í mú bí ẹni di ọmọ mú.
Orí rẹ̀ ṣófo.
A yà fún un. Àwa ló yẹ kó yà:
ọ̀nà tirẹ̀ ni, àwa la wá fi ṣeré.

Yepwi kí i. Azumi ni, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀.
Nọ́ọ̀sì béèrè pé kí ló dé tí kò rù ú.
"Àwa Gbagyi kì í gbé ẹrù lé orí.
Orí ló ń ronú fún ara.
Ta ní í fi ọba ṣe aláàárù?"

Ọ̀rọ̀ náà gún mi.
Nílé wa, orí la máa ń bẹ ká tó jáde,
orí kan náà la sì ń di kòkó tútù lé.
Mo rántí àtàrí ìyá mi, ibi tí irun ò hù mọ́,
ogójì ọdún oko sílé.
Kò rin ìrìn kan rí tí ẹrù ò sí lórí rẹ̀.
Báwo ni ì bá ṣe mọ̀ pé ẹsẹ̀ lè rìn lásán?

A dé orí òkè. Ẹni tó ń ya fọ́tò ń ya.
Adágún Usuma tẹ́ sísàlẹ̀ bí páànù àlòkù.
Láti ibi ìfọ́kùúta, ìró òòlù ń gòkè bọ̀:
kọ́, kọ́.
Kọ́.
Òkè kan náà là ń jẹ, àwọn pẹ̀lú òòlù, àwa pẹ̀lú bàtà.

Yepwi bọ́ sílípáàsì, ó ń tún wáyà rẹ̀ so.
Mo bi í bóyá ó máa ń gun òkè yìí
lọ́jọ́ tí kò sówó níbẹ̀.
Ó wò mí bí ẹni pé mo béèrè bóyá ó máa ń mí.
"Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn."
Láti ṣe kí ni?
"Láti jókòó."

Netíwọ́ọ̀kì dúró gbọn-in lókè yìí. Mo pe ilé.
"O ti débẹ̀?"
Mo ti dé.
"Kí lo bá níbẹ̀?"
Mo na fóònù sínú afẹ́fẹ́ kó lè gbọ́:
ọyẹ́, òòlù, ẹ̀rín nọ́ọ̀sì.
Ó pẹ́ kó tó fọhùn.
"Ṣé nǹkan wà lórí rẹ?"
Mo fọwọ́ kàn án. Òógùn. Iyanrìn díẹ̀.
Rárá, ìyá mi.
"Ó dáa," ó ní. "Rọra máa sọ̀."